PS5, Xbox àbí Switch: èwo lẹ máa ní kí ẹni tó ń gbé l'Óṣogbo rà?

Ọmọ_Òkè_Fìa:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Owó kan wọlé fún mi lóṣù yìí, kí n tó ná an tán sórí ohun tí mi ò ní rí mú, mo fẹ́ fi ra gémù sílé: PS5 (PlayStation 5) ti Sony, Xbox ti Microsoft tàbí Switch ti Nintendo. Òkè-Fìa ni mò ń gbé, iná tiwa ò burú jù ṣá, ó ń wá, ó ń lọ. Mo ní ínfátà kékeré pẹ̀lú bátìrì 200Ah kan ṣoṣo, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, ẹ mọ èyí tí mò ń sọ.

Bọ́ọ̀lù ni mo máa ń gbá jù, FC yẹn, tí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá sì wá a máa ń ja Mortal Kombat. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní JSS 2, obìnrin tó tẹ̀lé e ṣì wà ní pírámárì, àwọn méjèèjì ò sì ní jẹ́ kí n nìkan jókòó tì í, mo mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi kan l'Ékòó ní kí n ra Xbox Series S, wọ́n ní owó ẹ̀ ò tó ti PS5, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀rẹ́ mi ní UNIOSUN ní tí mo bá gbé Xbox wọ Òṣogbo, èmi nìkan ni màá máa gbá a bí ẹni tó ń dá ayò ta. Ẹlòmíì tún ní kí n jẹ́ kí PS4 tòkunbọ̀ tó mi. Orí mi ti dàrú. Ẹ má kàn sọ pé "èyí ló le jù" o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ìdí ẹ̀.

Kàkà_kí_n_Sùn:

PS5. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọmọ_Òkè_Fìa:

Ọ̀gá mi, mo ní kẹ́ ẹ sọ ìdí ẹ̀ 😂

Kàkà_kí_n_Sùn:

Gémù God of War àti Spider-Man. Xbox ò ní ìkankan níbẹ̀. Ṣé ó tó?

Atúngémùṣe:

Ẹ jẹ́ n bá yín dá sí i torí ìdí iṣẹ́ mi nìyí. Nítòsí Old Garage ni mo ti ń tún gémù ṣe, ó ti pẹ́, láti ayé PS2 tí àwọn ilé gémù láti Ìgbọ̀nà dé Ayétòrò ń lo mẹ́mọ́rì káàdì 8MB, tí kálukú á ya bébà, á kọ orúkọ lé e, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kí ẹnì kan má baà lọ pa ohun tó ti gbá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan rẹ́. PS2 yẹn, Sony tà á kọjá mílíọ̀nù 150 káàkiri ayé, ó sì dà bíi pé Òṣogbo ló ra púpọ̀ níbẹ̀ 😅. Torí ẹ̀ ni ìlú yìí ṣe di ìlú PlayStation, kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó ó fi Xbox wé e kó tó yàn. Ìka àwọn èèyàn ti mọ ibi tí X wà àti ibi tí O wà lórí páàdì, nígbà tí PS4 dé lọ́dún 2013 wọ́n kàn gbé e ni, PS5 dé lọ́dún 2020 wọ́n tún ń gbé e bí owó bá ṣe ń wá.

Àbúrò, èwo ló kàn ẹ́ níbẹ̀? Síìdì ni. Tó o bá ra FC lónìí tó sú ẹ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ á gbé tiẹ̀ fún ẹ, ìwọ náà á gbé tìẹ fún un, ẹ ò náwó kankan. Àbí kó o mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á gba èyí tó o ti lò lọ́wọ́ ẹ, wàá fowó díẹ̀ lé e, wàá gbé òmíì lọ sílé. Ní ìgboro yìí mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìyẹn fún Xbox dáadáa.

Páàdì tún ńkọ́? Tí analog, ọ̀pá kékeré tó o fi ń darí àgbábọ́ọ̀lù, bá ti ń dá rìn, tó jẹ́ pé o ò fọwọ́ kan nǹkan kan, àgbábọ́ọ̀lù ẹ á kàn máa rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, gbé e wá, lọ́jọ́ náà ni wàá gbà á padà torí nǹkan tí màá fi pààrọ̀ ẹ̀ wà nílẹ̀ fún PS4 àti PS5. Ojú HDMI, ibi tí okùn tẹlifíṣọ̀n ń wọ̀, tó bá bàjẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé Xbox Series X wá, èyí tó lágbára ju Series S lọ, mo lè tú u, kò ṣòro, ṣùgbọ́n tó bá ti di pé a nílò ẹ̀yà ara ẹ̀, mo ní láti ránni sí Computer Village n'Íkẹjà, a ó wá máa dúró.

Mi ò ní purọ́ fún yín o, PS4 àtijọ́ ní wàhálà tiẹ̀. Ọyẹ́ ni ọ̀tá ẹ̀. Eruku á kún inú fáànù, ariwo á bẹ̀rẹ̀ débi pé ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ, ó yá á gbóná jù á pa ara ẹ̀. Tí mo bá tú u, pésìtì tó yẹ kó wà láàárín ṣíìpù àti irin tó ń fa ooru kúrò ti gbẹ gbúrúgbúrú, á máa ṣí wálẹ̀ ní ìpẹ́pẹ̀ẹ́pẹ́. Màá nù ún kúrò, màá fi tuntun sí i, á dákẹ́. PS5 yàtọ̀ síyẹn, irin olómi ni wọ́n fi sí i dípò pésìtì, ó ń fa ooru jù, àmọ́ irin ni, ó ń gbé iná, tí ẹni tí kò mọwọ́ ẹ̀ bá tú u tó jẹ́ kó kán sórí bọ́ọ̀dù, ó parí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò yín sọ pé òun fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ti eruku, ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe é: ẹ yọ ike funfun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ máa rí ihò tí wọ́n dìídì dá síbẹ̀ kí eruku máa kó sí, ẹ kàn fa eruku ẹ̀ jáde.

Xbox_Láti_Ìlobùú:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yìí ẹ ò mẹ́nu ba iná, ìlú wo gan-an lẹ wà? 😂

Ẹni tó béèrè ní ínfátà àti bátìrì kan ṣoṣo lòun ní. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. PS5 tó bá ń gbá gémù ńlá máa ń jẹ tó 200 wáàtì. Series S ò ju bíi 80 lọ. Ẹ fi tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 32 kún un, ká ní 50. Bátìrì 200Ah tó jẹ́ fóòtì 12, 2,400 wáàtì-wákàtí ló ń jẹ́ lórí ìwé, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bátìrì olómi, tẹ́ ẹ bá ń fà á kọjá ìdajì lójoojúmọ́ ẹ máa pa á ni, torí náà 1,200 lẹ ní lọ́wọ́. PS5 pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 250, bó pẹ́ tí ẹ gbá a, wákàtí mẹ́rin ti dópin, ínfátà gan-an tún ń jẹ tiẹ̀ níbẹ̀. Series S pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n yẹn kan náà, 130, ẹ ń bá wákàtí mẹ́jọ lọ. Mi ò tíì ka fáànù o, àti gílóòbù, àti ẹni tó máa ti fóònù bọ iná láìsọ fún yín.

Ní ti agbára, téráfúlọ́ọ̀pù (ìwọ̀n bí ẹ̀rọ ṣe ń yára ṣírò tó) 12 ni Series X, PS5 jẹ́ 10.28, Series S jẹ́ 4. Àwọn èèyàn máa ń fi nọ́ńbà yìí jà gan-an, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé Series X àti PS5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí méjèèjì ń gbá FC, mo ta á, ẹ ò ní mọ èwo ni èwo. Series S ló máa hàn lára ẹ̀ torí àwòrán 1440p ni wọ́n ṣe é fún, àwọn méjì yòókù ń lé 4K tó mọ́ jù ú lọ. Ẹ wá sọ fún mi, 4K wo ló wà nílé yín? Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n 1080p bíi ti ọ̀pọ̀ wa, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ohun kan tún wà tó ń jẹ́ Quick Resume. Ẹ ń gbá gémù kan, ẹ bọ́ sínú òmíì, èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yẹn ó ti kọ ọ́ sínú SSD, ibi ìpamọ́ inú ẹ̀rọ náà, kódà tẹ́ ẹ bá yọ okùn iná kúrò lára ògiri, tẹ́ ẹ bá padà dé, ibi tẹ́ ẹ dúró sí lẹ máa bá a. Lórí PS4 tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, tẹ́ ẹ bá tún tàn án, á kọ́kọ́ bá yín wí ná pé ẹ ò pa á dáadáa, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ inú ara ẹ̀ wò.

Àti páàdì Xbox One, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Series S àti X. Páàdì PS4 ò lè gbá gémù PS5, àfi gémù PS4 tẹ́ ẹ bá fi sórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ní ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó ń wá sílé, ẹ lọ wo iye tí wọ́n ń ta páàdì PS5 kan.

Kàkà_kí_n_Sùn:

Páàdì tó ń jẹ bátìrì olówó kékeré méjì bíi rédíò ìyá àgbà 😂😂

Xbox_Láti_Ìlobùú:

Tí páàdì tìẹ bá kú láàárín gémù, o máa so okùn mọ́ ọn. Tèmi, màá pààrọ̀ bátìrì, màá máa nà ẹ́ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkè_Baálẹ̀:

Ará Ìlobùú, ẹ ti ṣírò iná, ẹ ò ṣírò dátà.

Series S ò ní ojú síìdì. Kò ní rárá. Gbogbo gémù tẹ́ ẹ máa gbá lórí ẹ̀, dáńlóòdù lẹ máa dáńlóòdù ẹ̀, látorí gémù àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Gémù bọ́ọ̀lù kan á jẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ gígábáìtì, Call of Duty, gémù oníbọn yẹn, á kọjá 100GB, kó tó di pé àpúdéètì dé, torí wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi. 512GB ni wọ́n kọ sára Series S ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ máa rí lò níbẹ̀ jẹ́ 364GB. Tí ẹ bá ti kó gémù mẹ́rin ńlá sí i, ẹ ti ń ronú èyí tẹ́ ẹ máa pa rẹ́, tẹ́ ẹ bá sì pa á rẹ́, ọjọ́ tó bá tún wù yín lẹ máa tún ra dátà. Àwa tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ pé dátà òru la fi ń ṣe nǹkan, ẹ̀rọ yẹn á jẹ owó onjẹ wa.

Síìdì náà ń béèrè àpúdéètì o, mi ò sọ pé kò béèrè, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí kẹ́ ẹ fa gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Game Pass tí àwọn ará Xbox máa ń fi ṣe fọ́ńté, ó dáa, mi ò ní bà á jẹ́. Microsoft bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2017, ẹ san owó oṣù, ọgọ́rọ̀ọ̀rún gémù ṣí sílẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n Ultimate wọn, Game Pass tó ga jù, fò sókè sí dọ́là 29.99 lóṣù kan ní October 2025. Ẹ fi sọ náírà kẹ́ ẹ tó bá mi jà. Lóṣooṣù o!

Ohun tẹ́ni kankan ò sọ fún ẹni tó béèrè: Nàìjíríà ò sí nínú orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ máa bá tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí àkáǹtì PlayStation. Amẹ́ríkà tàbí UK la máa ń mú. Èyí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ mọ̀ ọ́n, torí gíft káàdì orílẹ̀-èdè yẹn nìkan ló máa wọlé. Ẹ ṣí àkáǹtì Amẹ́ríkà, ẹ lọ ra káàdì UK, owó yín ti há síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbá FC pẹ̀lú ẹni tó wà níbòmíì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa san PS Plus, owó tí Sony ń gbà fún gbígbá gémù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. eFootball àti Fortnite ò béèrè ìyẹn, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ẹ kàn fi dátà yín wọlé. Èmi eFootball ni mò ń gbá báyìí, ọwọ́ mi dí.

Ìyá_Ìbejì_Dàdá_Estate:

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, ẹ kúuṣẹ́ o. Àti òkè dé ìsàlẹ̀ ni mo kà, kò sẹ́ni tó rántí pé ọmọ náà ní àbúrò méjì wà nílé.

Nintendo Switch la ní nílé tiwa. Àbúrò ọkọ mi ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun sí àwọn ìbejì. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé páàdì méjì ló bá a wá, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, tẹ́ ẹ bá yọ wọ́n, ọmọ kan mú ọ̀kan, èkejì mú èkejì, ìjà tán. Tí iná bá lọ, ojú tẹlifíṣọ̀n wà lára ẹ̀, wọ́n á gbé e dání, wọ́n á jókòó sí fáràńdà. Èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2019, wọ́n ní ó lè lò láti wákàtí mẹ́rin àbọ̀ dé mẹ́sàn-án kí bátìrì ẹ̀ tó tán, ó dá lórí gémù tí wọ́n bá ń gbá. Tí wọ́n bá gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n gan-an, iná tó ń jẹ ò tó nǹkan, mi ò mọ̀ ọ́n lára.

Mario Kart ni tiwọn, èèyàn mẹ́rin lè jọ gbá a lórí tẹlifíṣọ̀n kan, bàbá wọn náà ti ń bá wọn dá sí i, àwọn ìbejì sì ń nà wọ́n nínú gémù.

Àléébù ẹ̀: gémù Nintendo fúnra wọn kì í já wálẹ̀ lówó, èyí tó jáde lọ́dún 2017 ṣì wọ́n títí di ìsinsìnyí. FC wà lórí ẹ̀, àmọ́ kò mọ́lẹ̀ lójú bíi ti PS, ẹni tó ti gbá ti PS á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Switch 2 ti jáde ní June 2025, wọ́n ní ó lágbára jùyẹn lọ dáadáa, àti pé ọ̀pọ̀ gémù ti àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ kì í ṣe owó àwọn ọmọdé.

Ẹ má bẹ̀rù pé káàdì gémù ẹ̀ kéré tí ọmọdé lè gbé e mì o. Nintendo fi nǹkan kan tó korò gan-an ra á lára, ọmọ tó bá fi sẹ́nu á tu ú dànù.

Kàkà_kí_n_Sùn:

Ẹ dúró ná mà, ṣé ẹ tọ́ ọ wò ni?

Ìyá_Ìbejì_Dàdá_Estate:

Kẹ́hìndé ló tọ́ ọ wò. Èmi omi ni mo bù wá.

Ọmọ_Òkè_Fìa:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mà, tí mo bá ní owó méjì, màá ra Switch fún wọn, ṣùgbọ́n owó kan ló wà nílẹ̀, èmi ni mo sì ṣe iṣẹ́ ẹ̀ 😂. Dátà tí ará Òkè-Baálẹ̀ sọ ló yọ Series S kúrò lọ́kàn mi, bí ìṣirò iná yẹn tilẹ̀ dùn mọ́ mi. Ó wá ku PS5 tòkunbọ̀ àti PS4 tòkunbọ̀. Owó mi á ra PS4 kó ṣẹ́kù dáadáa, á ra PS5 kó má ṣẹ́kù nǹkan kan. Ṣé PS4 ṣì wúlò báyìí?

Xbox_Láti_Ìlobùú:

Mo gba kámú. Ṣùgbọ́n tó o bá ti fẹ́ lọ sọ́dọ̀ wọn, má ra PS4 ní tìẹ, bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ lo ní o máa ń gbá. FC 26 wà lórí PS4. Ṣùgbọ́n Mortal Kombat 1 tó jáde lọ́dún 2023, wọn ò ṣe é sórí PS4, MK 11 lo máa máa jà títí. Gémù GTA VI tí gbogbo ayé ń dúró dè, PS5 àti Xbox Series nìkan ni wọ́n kéde ẹ̀ fún. PS5 tó o bá rà á gbá èyí tó pọ̀ jù lára gémù PS4, síìdì PS4 àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ò ní ṣòfò. PS4 ò lè gbá ti PS5 láéláé.

Atúngémùṣe:

Òun gan-an ni màá sọ. Tó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ ṣí ilé gémù fún àwọn ọmọ àdúgbò ni, màá ní kó ra PS4 méjì dípò PS5 kan, torí FC nìkan ni wọ́n máa gbá, àwọn tó ń sanwó ò béèrè 4K. Ìwọ tó o fẹ́ gbé e sílé, ra PS5.

Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, mú síìdì tìẹ lọ́wọ́ lọ, má lo tiẹ̀. Gbá a fún bí ìdajì wákàtí kó gbóná ná, èyí tó bá ní àrùn lára, ìgbà yẹn ló máa ń yọjú. Di okùn HDMI mú níbi tó ti wọnú ẹ̀rọ, mì í díẹ̀díẹ̀, tí àwòrán bá ń lọ tó ń bọ̀, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ rí tàbí ó fẹ́ já. Tan hotspot fóònù ẹ, fi àkáǹtì tìẹ wọlé níbẹ̀, torí ẹ̀rọ tí Sony bá ti gbẹ́sẹ̀ lé, síìdì lè máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn mọ́. Tó bá jẹ́ Slim, PS5 tó kéré tí wọ́n gbé jáde ní ìparí 2023, ojú síìdì ẹ̀ ṣe é yọ, rí i pé ó wà lára ẹ̀, àwọn kan ti ń yọ ọ́ tà lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ ra ojú síìdì yẹn lẹ́yìn, ó máa nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan kó tó gbà á. Fi ọwọ́ sí abẹ́ fáànù, gbóòórùn ibẹ̀. Mi ò ṣeré o, bọ́ọ̀dù tó jóná rí ní òórùn.

Ti iná, 100 sí 240 fóòtì ni wọ́n kọ sára PS5, Amẹ́ríkà ló ti wá àbí Jámánì kò kàn ẹ́, o kan pààrọ̀ okùn ni. Iná tó bá relẹ̀ kì í sábà pa á. Èyí tó bá ga lójijì nígbà tí wọ́n bá ń dá iná padà ló ń pa á, ìyẹn ni mo ń tún ṣe jù. Ra sítébíláísà. Má so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn láìsí sítébíláísà láàárín, mo bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ_Òkè_Fìa:

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ yín. Mo ti rí ẹnì kan lágbègbè Alékùwodò tó fẹ́ ta tiẹ̀, oní síìdì ni, ó ní ọwọ́ kan lòun lò ó. Sátidé ni mo ní màá wá wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi dé ibẹ̀? Màá sanwó ọ̀kadà yín.

Atúngémùṣe:

Tó bá di ọwọ́ ọ̀sán, mo ní òde láàárọ̀. Má bá a dúnàá-dúrà kankan kí n tó dé.

Kàkà_kí_n_Sùn:

Ṣebí mo ti sọ ọ́ látòkè pé PS5 😌

Ọmọ_Òkè_Fìa:

Ẹ ò sọ ìdí ẹ̀ nígbà yẹn!